Orúkọ Tí Imú Ilé Kò Mọ̀

"Èéfín! Èéfín!" Imú, ẹ̀rọ agbóòórùn èéfín, figbe ta lókè àjà. "Iná ni, àbí oúnjẹ? Mo ti ń kà o. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

Ojú pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lára férémù, wọ́n ń múra àtipa ara wọn dé. Nílé ìdáná, Ẹniọlá, ìyàwó kékeré, ń fi ìborùn fẹ́ èéfín sójú fèrèsé bí ẹni ń lé adìẹ. Dòdò ló ń dín lórí àwo oòrùn, ààrò tó ń fi oòrùn gbóná, dòdò náà sì ti jó.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́ o! Ẹ bá mi dá a lóhùn! Dòdò lásán ni!"

Monísọ́lá gbọ́. Ta ni kò ní gbọ́? Àjà kọkànlélógún ni wọ́n ń gbé, àwọn ará ìsàlẹ̀ pàápàá ti gbọ́. Ó jókòó sí pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń rán etí aṣọ oòrùn kan, aṣọ tó ń kó iná oòrùn jọ, tó gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sì ń bá Imú kà á lọ nínú ọkàn rẹ̀. Ó dé mẹ́wàá. Ó dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde.

"Ìyáálé mi!" Ohùn Ẹniọlá ti ń gbọ̀n. "Bó bá pé ọgbọ̀n, omi máa dà lé wa lórí o! Àwọn panápaná máa wá!"

Ká má parọ́, inú Monísọ́lá ń dùn. Láti oṣù mẹ́jọ tí ọmọbìnrin yìí ti wọlé, gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló ti di àjọni. Ọkọ di àjọni, ìkòkò di àjọni, títí kan igun pálọ̀ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò ṣeé pín, òfin Ìlú Ọparun ni kò sì jẹ́ kó ṣeé pín: ilé ayálégbé kan, ohùn kan. Ohùn Monísọ́lá nìkan ni Imú mọ̀. Kí Ẹniọlá pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, Imú kò ní ṣe bí ẹni gbọ́. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Láyé ìsinsìnyí, Imú ló wà lájà, ọwọ́ ìyáálé ló sì wà.

"Ẹ̀tàlélógún. Ẹ̀rìnlélógún. Àrúndínlọ́gbọ̀n."

"Oúnjẹ ni," ni Monísọ́lá wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní wàhálà kankan láyé. "Oúnjẹ tó jóná. Dákẹ́."

Kíá ni Imú dákẹ́. Àwọn ilẹ̀kùn náà dúró jẹ́ẹ́.

Ẹniọlá jáde wá, omijé èéfín ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà."

"Kò tọ́pẹ́. Ṣé ojú ọ̀nà lò ń wò ni, tí epo fi ń jó mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Rárá o, mà. Bàbá Ṣìjú ló fẹ́ràn rẹ̀ kó jó díẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Monísọ́lá. Adédìran? Adédìran ọkọ òun, tó ti ń yọ dòdò tó bá dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo láti ọjọ́ ìgbéyàwó? Tó sọ pé ó ń korò lẹ́nu òun? Hẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa. Dòdò tó ń korò láti ọwọ́ ìyáálé ti wá ń dùn láti ọwọ́ ìyàwó. Kì í kúkú ṣe dòdò nìkan. Láràárọ̀ tí ọkùnrin náà bá ń jáde lọ síbi ọkọ̀ ojú omi tó ń wà, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fi oríkì pe ọmọbìnrin yìí: "Àjíkẹ́ mi, ó dàbọ̀." Àjíkẹ́! Monísọ́lá náà ní oríkì. Àwẹ̀ró ni. Kò rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé yìí. "Ìyá Ṣìjú" ló kù tí wọ́n ń pè é, nítorí Ṣijúwadé ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní ìlú kejì.

Ó ṣì ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ṣówándé ni, ẹni tó ni ilé. Ó gbé àpótí kan sábẹ́ abíyá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú ilé o. Àpótí agùnlé tó ń gbé èèyàn gòkè tún ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi gun òkè. Ta ló jó nǹkan níbí?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù," àwọn obìnrin méjèèjì kí i lórí ìkúnlẹ̀. Monísọ́lá fi ẹnu tọ́ka sí ilé ìdáná. Ojú ti Ẹniọlá.

Bàbá Ṣówándé gbé àpótí lé tábìlì, ó ṣí i. Imú tuntun ló wà nínú rẹ̀, funfun báláú, ó rí róbótó, ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Ẹ wo òkè," ó wí. "Ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀mí Imú. Ti yín pé lónìí. Òfin ní kí onílé gbé tuntun wá, kí ó fi kọ́ sájà. Èmi rèé, mo ti gbé e wá. Kí ayálégbé jí i, kí ó fún un lóhùn. Ìyẹn kù sí yín lọ́wọ́."

"Èmi náà rèé, Bàbá," ni Monísọ́lá wí. Ó ti dìde. "Èmi ni ohùn ilé."

Bàbá Ṣówándé ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó fa ìwé kan jáde, ó sì ń wo ilẹ̀. "Bàbá Ṣìjú fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ó ní nítorí pé ẹ̀yin ń lọ síbi iṣẹ́, tí ìyàwó sì ń wà nílé látàárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú Ìyá Àgbà, kí ìyàwó di ohùn."

Yéè! Ẹ wá wo ìwà ọkùnrin. Kò lè sọ ọ́ lójú òun. Ó fi ìwé rán onílé, ó sì gba orí omi lọ níbi tí ohùn fóònù kì í dé. Ara Monísọ́lá gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Ó wo Ẹniọlá. Ẹniọlá wo ilẹ̀.

"O mọ̀ sí i?"

"Ó sọ fún mi, mà. Mo ní kó bá yín sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

"Ó sọ fún ọ." Monísọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú: òun nílé ìdáná nínú èéfín, òun lórí eékún, "Ìyàwó, jọ̀ọ́, bá mi dá a lóhùn," àti ọmọbìnrin yìí ní pálọ̀, tó na ẹsẹ̀, tó ń kà á dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ohun tí èèyàn bá ṣe, á máa rò pé gbogbo ayé ni yóò ṣe é.

"Ìwé ọkọ kì í ṣe òfin," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá Ṣówándé dáhùn. "Imú kì í ka ìwé. Ẹni tó bá pe orúkọ gbogbo ará ilé pé fún un, ẹni náà ni ohùn. Ṣùgbọ́n ọkọ ti ní kí ìyàwó kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ògbólógbòó yìí kalẹ̀ ná."

Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀rù ba Monísọ́lá. Kì í ṣe ẹ̀rù ohùn nìkan. Imú tó bá fẹ́ kú máa ń ka orúkọ àwọn tó mọ̀. Òun sì mọ àwọn tí Imú yìí mọ̀, ó mọ àwọn tí kò mọ̀.

"Bàbá, ẹ ò ní mu zobo tútù ná?"

Lọ́dọọdún tí ó bá wá ṣe àyẹ̀wò, zobo yìí ló máa ń mu, á fọwọ́ síwèé, á lọ. Ṣùgbọ́n lónìí ó ti gun àpótí ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ ti dé àjà. "Màá mu ún tí mo bá sọ̀kalẹ̀," ó wí, ó sì tẹ Imú nínú. "Ka àwọn tí o mọ̀, kí o tó sùn."

"Adédìran Ajíbóyè," ni Imú wí. "Monísọ́lá Ajíbóyè. Ṣijúwadé Ajíbóyè. Ó parí."

"Ó parí kẹ̀?"

Ojú pupa náà kú. Láti yàrá ẹ̀yìn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohùn àgbàlagbà kan dé, pẹ̀lú ikọ́: "Ó parí? Èmi ńkọ́?"

Ìyá Àgbà ni, ìyá Adédìran. Ọdún kẹta rèé tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nítorí ikọ́ fée kò jẹ́ kó lè dá gbé mọ́.

Bàbá Ṣówándé sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ìyá Ṣìjú. Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Bí èéfín bá rú, gbogbo ilẹ̀kùn ni yóò pa dé kí iná má baà ràn. Ẹni tí Imú bá mọ orúkọ rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún. Ẹni tí kò bá mọ̀, inú rẹ̀ ni yóò wà. Ọparun la fi kọ́ ilé yìí, láti òkè délẹ̀. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Aṣọ yẹ́lò ló yẹ kí n so mọ́ ilẹ̀kùn yín báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá so ó, ẹ ó kó kúrò ní ìlú."

"Bí ẹ bá so ó," ni Monísọ́lá fèsì, "wọ́n á béèrè ẹni tó ń fọwọ́ síwèé lọ́dọọdún láìjẹ́ kí Imú ka orúkọ."

Bàbá Ṣówándé ká ìwé Adédìran, ó tì í padà sínú àpò.

"Orúkọ ìyá ọkọ ni," ni Monísọ́lá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyàwó wo ló ń pe orúkọ ìyá ọkọ? Ti ọkọ, ayé ti fàyè gbà á. Ti ìyá ọkọ ńkọ́? Mo ní lọ́jọ́ kan Bàbá Ṣìjú á wà nílé, á bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́."

Èyí jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ni Imú ń gbọ́. Bí Adédìran bá fẹ́ pe ìyá rẹ̀ fún un, àfi kí Monísọ́lá kọ́kọ́ gbé ohùn sílẹ̀ fún un. Kò fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Èmi ńkọ́, Ìyáálé mi?" Ẹniọlá ti dìde lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo. "Èmi kì í ṣe ìyá ọkọ yín. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń sùn nínú yàrá tèmi. Mò ń ti ilẹ̀kùn, mò ń pa iná, mò ń sùn."

"Mo gbàgbé ni."

Irọ́ ni o. Kò gbàgbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dúró sábẹ́ Imú láti pe orúkọ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ náà dé ọ̀fun tó padà. Kódà kò pe ọmọbìnrin náà lórúkọ rí. "Ìyàwó" ló ń pè é, àbí "eléyìí".

Bàbá Ṣówándé kọ́ Imú tuntun sájà, ó sì yọ agolo kan jáde. Èèpo àgbọn gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. "Èéfín gidi ló ń jí i. Kí kálukú wà níbi tó máa ń sùn tàbí níbi tó máa ń dúró sí. Ìyá Àgbà, ẹ má wulẹ̀ dìde. Ìyàwó, dúró sábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti béèrè, kí o dáhùn."

Ó ṣá iná sí èèpo àgbọn náà. Èéfín rú, ó nípọn ju bí gbogbo wọn ti rò lọ, afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé sì gbá a lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn. Imú tuntun la ojú pupa rẹ̀. Gbàgà, gbàgà, gbàgà! Gbogbo ilẹ̀kùn pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, ti Ìyá Àgbà náà pa dé.

"Mo jí," ni Imú wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdébìnrin. "Ohùn ta ni mò ń gbọ́?"

"Èmi ni. Ẹniọlá Ajíbóyè."

Ajíbóyè! Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Monísọ́lá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ abíyá, ó gbá ara rẹ̀ mú.

"Ta ló ń gbé ilé yìí pẹ̀lú rẹ?"

"Adédìran Ajíbóyè." Ẹniọlá rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe pè é. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? "Ṣijúwadé Ajíbóyè. Àti…" Ó yíjú, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Monísọ́lá Ajíbóyè."

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó dun Monísọ́lá bí ìgbájú.

"Ẹnìkan wà ní yàrá ẹ̀yìn," ni Imú wí. "Ta ni?"

"Ìyá wa ni."

"N kò mọ orúkọ yẹn."

"Ìyá Àgbà. Ìyá Bàbá Ṣìjú."

"N kò mọ orúkọ yẹn. Ìgbà mẹ́ta ni màá béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀, màá pe panápaná, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí títí wọn yóò fi dé. Ìgbà kìn-ín-ní ti kọjá."

Ẹniọlá yí ojú sí Bàbá Ṣówándé. "Bàbá, kí lorúkọ wọn?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? 'Ìyá Àgbà' ni gbogbo wa ń pè wọ́n."

"Ẹ sọ fún un pé ìdánwò ni!"

"Imú kò mọ ìdánwò. Èéfín ni èéfín lójú rẹ̀. Kò sì ní gbọ́ tèmi. Òfin kò gbà kí ohùn onílé ṣí ilẹ̀kùn ayálégbé."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ti pa dé gbọnin, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá, ikọ́ nìkan ló ń kọjá, ikọ́ tó ń fà, tó ń fọn bí ẹni ń mí láti inú ìgò. Èéfín àgbọn ti wọlé tì í. Wọ́n gbọ́ ọwọ́ lára ilẹ̀kùn: gbì, gbì. Bàbá Ṣówándé fi èjìká lu ilẹ̀kùn náà. Ọparun àtẹ̀pọ̀ ni, ó le bí irin.

"Ìyáálé mi," ni Ẹniọlá wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ ń rí ìwé wọn. Ẹ sọ orúkọ náà fún mi, màá pè é."

Monísọ́lá mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i lára ìwé ìwòsàn ní ìgbà tí kò níye. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀ bí ẹyọ iyọ̀. Bó bá sọ ọ́ sí Ẹniọlá létí, Ẹniọlá ni yóò pe ìyá ọkọ lórúkọ, orí Ẹniọlá ni èèwọ̀ yóò já lé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ohùn ilé ń bá èèwọ̀ náà lọ. Bí òun alára bá pè é, òun ni ìyàwó aláìlójútì tó la ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ lójú onílé àti lójú orogún, ọ̀rọ̀ yóò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo mọ̀lẹ́bí kó tó dọjọ́ Àìkú. Bí kò bá sì sọ ọ́ rárá? Àwọn panápaná yóò dé. Ó kéré tán, ààbọ̀ wákàtí. Ikọ́ yẹn kò ní ààbọ̀ wákàtí nínú.

"Ìgbà kejì," ni Imú wí. "Ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn?"

"Ìyáálé mi!" Ẹniọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án. "N kò fẹ́ ohùn náà mọ́. Ẹ gbà á. Mo fún yín. Ẹ ṣáà pè wọ́n, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo fún yín! Ẹ gbọ́ o. Ohun tó jẹ́ ti Monísọ́lá fún ọdún mẹ́wàá, èyí tó wọlé ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ń fi í ta á lọ́rẹ! Kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí sọ lọ́la fún Adédìran pé, "Èmi ni mo yọ̀ǹda fún wọn." Ìbá dára ká sọ pé àánú ìyá ọkọ ló ṣí i lẹ́nu. Àánú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owú ló síwájú.

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó bọ́ sábẹ́ Imú, ó gbé ojú sókè.

"Fi ohùn yẹn sílẹ̀. Tèmi ni kí o gbọ́."

"Ohùn mìíràn. Àwọn orúkọ tí mo ti gbọ́ ti parẹ́. Ta ló wà ní yàrá ẹ̀yìn?"

"Oyíndàmọ́lá Ajíbóyè."

Ó pè é ketekete.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni Imú wí, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ẹniọlá ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gbé Ìyá Àgbà jáde wá sójú fèrèsé, ó fi oògùn fífà sí i lẹ́nu. Wọ́n ń gbọ́ èémí arúgbó náà bó ṣe ń já, tó ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló pè mí?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

Monísọ́lá wólẹ̀ lórí eékún. "Èmi ni, Màmá. Ẹ forí jì mí. Ẹnu mi ò tó bẹ́ẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta lẹnu rẹ ò fi tó o."

"Ọ̀wọ̀ ni, Màmá."

"Ọ̀wọ̀!" Ìyá Àgbà tún wúkọ́. "Ọ̀wọ̀ tí yóò jó mi di eérú. Nínú pósí ni mo ti ń sùn fún ọdún mẹ́ta, mo rò pé yàrá ni." Ó wo Bàbá Ṣówándé. "Ìwọ náà, amu-zobo, pa àgbọn burúkú yẹn."

Bàbá Ṣówándé sáré gbé agolo rẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà, kò sì tètè padà wọlé.

Arúgbó náà tún yíjú sí Monísọ́lá. "Tún un pè."

"Màmá?"

"Orúkọ mi. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, àwọn dókítà nìkan ló ń pè é, wọn kì í sì í pè é dáadáa. Tún un pè, kí n gbọ́."

"Oyíndàmọ́lá," ni Monísọ́lá wí, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

"Ó yẹ ẹnu rẹ, Àwẹ̀ró."

Àwẹ̀ró. Monísọ́lá mú ọwọ́ kúrò lójú. Nínú gbogbo ilé yìí, ẹni tó sé mọ́ inú yàrá fún ọdún mẹ́ta ni oríkì òun wà lẹ́nu rẹ̀. Ìbá wù ú kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Imú kò tíì parí tirẹ̀.

"Ẹ máa bá a lọ," ni Imú wí. "Ta tún ni?"

"Adédìran Ajíbóyè. Monísọ́lá Ajíbóyè. Ṣijúwadé Ajíbóyè." Kò ṣòro. Ọdún mẹ́wàá ló ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo ti mọ̀ wọ́n. Ẹnìkan ṣì wà lábẹ́ ojú mi. Ta ni? Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

Ẹniọlá wà lójú fèrèsé, ó ti Ìyá Àgbà mú lẹ́yìn. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò sọ pé "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́." Ó kàn ń wò ó ni, pẹ̀lú ojú tí èéfín ti sọ di pupa. Bí Monísọ́lá bá dákẹ́ títí di ọgbọ̀n, Imú yóò pa ojú dé lórí ọ̀rọ̀ náà, yóò kà á sí àlejò tó ń lọ. Ohùn yóò jẹ́ ti Monísọ́lá, lọ́nà òfin. Ọmọbìnrin náà yóò tún máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò máa pa iná, yóò máa sùn. Ìyá Àgbà náà ń wò ó.

"Ogún. Ọ̀kànlélógún. Èjìlélógún."

"Ẹniọlá," ni Monísọ́lá wí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ ju dòdò jóná lọ.

"Orúkọ kò pé. Ẹniọlá ta ni? Ẹ̀tàlélógún. Ẹ̀rìnlélógún."

Háà. Kò rántí ìyẹn. Orúkọ ọkọ ló kù. Orúkọ tó gbé wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n fi fìlà Adédìran dé e lórí nínú ọjà tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, orúkọ tó kọ sára gbogbo aṣọ tó ti rán láti ọdún náà. Kò sẹ́ni tó lè fi í lé orogún rẹ̀ lórí fún Imú, àfi òun fúnra rẹ̀.

"Àrúndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n."

Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó rí i pé ó ti ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ abíyá, bí òun náà ti ṣe lẹ́ẹ̀kan.

"Èjìdínlọ́gbọ̀n."

"Ajíbóyè," ni Monísọ́lá wí. "Ẹniọlá Ajíbóyè ni."

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ni Imú wí. "Ilé ti pé."

Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí. Monísọ́lá padà sórí àga rẹ̀, ó mú aṣọ oòrùn náà, ó mú òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ó wá a títí, kò rí i. Omi ti bo ojú òun fúnra rẹ̀.